Ẹsẹ̀ Bàtà Kejì

Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ni Bàṣírátù gbé kọ́ èjìká lọ́sàn-án ọjọ́ tí Àbídèmí kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Ìbà Estate. Oòrùn ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa dán, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ alásàláátù ló rán òun, pé àwọn ń gba ohun tí èèyàn kò lò mọ́ fún àwọn opó tó wà l'Ókokomáìkò.

Àbídèmí bojú wẹ̀yìn. Fáànù tó ti bàjẹ́, ike, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti ẹrù ìyá rẹ̀ tó ti kú kún ilé dé òrùlé. Ojú tì í. Ó wọ àárín ẹrù lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, bàtà pupa ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ kan péré, ló mú jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá gba ẹsẹ̀ kejì lọ́la."

"Ṣé kí opó wa máa fẹsẹ̀ kan fò títí dọ̀la ni, bọ̀ọ̀dá?"

Ó padà lọ́jọ́ kejì, ó padà lọ́jọ́ kẹta. Bàtà kò yọjú, ìfẹ́ ló yọjú. Wọ́n á jọ jẹ bọ̀ọ̀lì ní Ìyànà Ìbà, Àbídèmí á ní, "Alágbe mi, kí lo tún wá tọrọ?" Bàṣírátù á ní, "Ìwọ ni." Nílé, Bàṣírátù wọ ẹsẹ̀ bàtà tó ti gbà náà wò. Ó bá a lẹ́sẹ̀ mu rẹ́gí. Ó tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò lè fi tọrẹ mọ́.

Nígbà tí bàbá Bàṣírátù wá wo ilé ọkọ ọmọ rẹ̀, ìdúró ló wà títí tó fi lọ, torí ẹrù wà lórí gbogbo àga. Ó ní kí Àbídèmí kó yàrá kan péré jáde, òun á fún un ní ọmọ òun.

Yàrá kan. Inú irú ọkùnrin báyìí máa ń bí mi. Bí Bàṣírátù bá ti gbé nǹkan kan, Àbídèmí á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Ó máa wúlò." Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, ó gba ìdérí ìkòkò tí ìkòkò rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́.

"Àbídèmí, èmi náà ti di ohun tó máa wúlò," ni Bàṣírátù wí. Àbídèmí gbé ìdérí náà lé orí ẹrù. Ọmọbìnrin náà sunkún délé. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn, òun nìkan ni Àbídèmí jẹ́ kó lọ.

Nígbà tó yá, Sherif tó ń ta aṣọ wá tọrọ rẹ̀, ó sì gbà. Nìkáà ku ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí Àbídèmí dé ẹnu géètì bàbá Bàṣírátù. Ó ti rù. Ẹsẹ̀ kejì bàtà pupa náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti kó gbogbo ẹ̀ jáde. Yàrá ti ṣófo. Abẹ́ ẹrù ni mo ti rí i."

"Ọjọ́ Àìkú ni nìkáà mi."

Ó na bàtà náà sí i. "Jọ̀ọ́, kàn wọ̀ ọ́ wò."

Bàṣírátù wọlé, ó mú ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Ó gba ti ọwọ́ Àbídèmí, ó so méjèèjì pọ̀, ó sì jù wọ́n sínú àpò. "Ti àwọn opó ni," ló sọ.

Àbídèmí mi orí. Ó ṣàdúrà pé kí ilé ọkọ tù ú lára, ó sì yíjú padà. Bàṣírátù ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ó ń dùn ún dé egungun. Ó dúró wò ó títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀. Kò sọ fún un pé bàtà náà bá òun lẹ́sẹ̀ mu.