Ìlà Funfun Tó Ṣáájú Sípánà

"Na apá sí i, Nagisa! Àbí o ti sùn lọ síbẹ̀ ni?"

"Mo ti nà án tán, Bàbá. Ó kàn ku kí n yọ èjìká sílẹ̀ ni."

Iwao bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí ẹnu ihò ẹ́ńjìnnì, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Inú ọkọ̀ apẹja wọn, Sachi-maru, ni wọ́n wà. Wọ́n ti fà á gòkè sí etí èbúté láti ìgbà òtútù. Nagisa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dùbúlẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì, ó ti apá ọ̀tún bọ fèrèsé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Apá Iwao kò gba ibẹ̀. Ti Nagisa ló gbà á, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló ń di àwọn bóòtù, àwọn irin ìdè, inú lọ́hùn-ún.

Odidi oṣù mẹ́rin ni bàbá àti ọmọ fi tú ẹ́ńjìnnì náà, tí wọ́n sì ń tò ó padà. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ju Nagisa lọ lọ́jọ́ orí. Ó ti ń tu èéfín dúdú, ó sì ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Àwọn kan ní kí Iwao ra tuntun, ṣùgbọ́n Iwao ní ẹni tí kò bá mọ inú ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ kò tíì ní ọkọ̀, ó kàn ń wọ̀ ọ́ kiri ni. Wọ́n fa písítìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n pààrọ̀ òrùka wọn. Ó wá ku bóòtù méjìlá tó so àwọn písítìn mọ́ ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀. Kékeré kọ́ ni bóòtù yìí o. Bí ọ̀kan bá tú lójú omi, irin á já, á sì lu ẹ́ńjìnnì jáde. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá sì kú ní ẹnu ọ̀nà èbúté wọn, láàárín àpáta àti omi tó ń ṣàn kíkankíkan, ẹni inú rẹ̀ wọ gàù.

Nítorí náà, wọ́n ní ìlànà kan. Sípánà oníwọ̀n ni wọ́n fi ń di bóòtù. Bó bá le tó, sípánà á dún "kà!" Ìgbà tó bá dún ni wọ́n tó máa fi ọ̀dà fa ìlà funfun tín-ín-rín láti orí bóòtù dé ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ni ẹ̀rí. Níwọ̀n bí ọwọ́ Iwao kò ti lè débẹ̀, dígí kékeré ló fi máa ń yọjú wo ìlà.

"Ìlà kì í ṣáájú sípánà," Iwao sọ.

"Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti àárọ̀."

"Ó di ìkọkànlá nìyẹn."

Nagisa ti di bóòtù mẹ́fà nígbà tí wọ́n pe Iwao pé kó wá gba ọ́ìlì tó ní kí wọ́n gbé wá. "Parí mẹ́fà tó kù," ló wí, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tí Rikako, ọ̀rẹ́ Nagisa, fi dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ó ti múra, ó ti kun ètè. "Nagisa! Ọkọ̀ èrò ń lọ láago mẹ́rin o! Bó bá fi wá sílẹ̀, a ò ní rí olórin yẹn mọ́ láyé! Ìwọ àti ẹ́ńjìnnì yìí, ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó ni?"

"Mò ń bọ̀, jàre!"

Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń dúró de ọjọ́ tí olórin náà máa wá ṣeré. Nagisa wo aago. Kó di bóòtù, kó fa apá yọ, kó mú búrọ́ọ̀ṣì, kó tún ti apá bọ̀ ọ́: ìgbà wo ló máa parí mẹ́fà? Ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Ó mú ọ̀dà, ó fa ìlà sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di wọ́n.

Kà! Kà! Kà!

"Wọ́n ti fẹ́ tú okùn ọkọ̀ o!" Rikako pariwo. Nagisa ta gìrì, sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa rí i he, kò mọ ibi tó dé mọ́. Gbogbo bóòtù ló wọ funfun. Ṣé mẹ́ta ló dì ni, àbí mẹ́rin? Ó di ọ̀kan sí i, ó dún. "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí wọn kó tó bọ́," ló sọ fún ara rẹ̀. "Á jẹ́ pé wọ́n ti pé."

Iwao padà dé, ó ti dígí bọ inú fèrèsé. Ìlà méjìlá pé.

"Gbogbo wọn dún?"

"Wọ́n dún, Bàbá."

"O káre. Máa sáré lọ, ọ̀rẹ́ rẹ máa ya etí wa."

Nagisa lọ. Ó jó, ó pariwo, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í ní orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà, kò lè dárúkọ ẹyọ kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sọ Sachi-maru sómi. Tokuji, bàbá àgbà Nagisa, wọ́n iyọ̀ àti ọtí ìrẹsì sí orí ọkọ̀, ó ní kí ìyá inú ọkọ̀, ẹ̀mí tó ń dáàbò bo àwọn apẹja, máa ṣọ́ wọn lọ, kó sì ṣọ́ wọn bọ̀. Ẹja sawara ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, gbogbo èbúté ló ń palẹ̀ mọ́. Goichi, aládùúgbò wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, yọjú wo ẹ́ńjìnnì.

"Iwao, ó mà mọ́ jù ọ́ lọ! Ó yẹ kó máa wà ọ́ ni."

"Ọmọ mi ló di inú rẹ̀," Iwao dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wá wo bóòtù tó lẹ́rìí!"

Nagisa la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ojú àwọn èèyàn ló pọ̀, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ló dùn jù. Kó tó pinnu, bàbá àti bàbá àgbà ti gbéra, ẹ́ńjìnnì sì ń dún kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà èbúté.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ikú ta ni? Kì í ṣe Nagisa ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó tẹ bàbá rẹ̀ láago, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó bá ki eré mọ́lẹ̀, ó di ọ́fíìsì ẹgbẹ́ apẹja, níbi tí Àǹtí Fusae jókòó sí nídìí rédíò.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá bàbá mi sọ̀rọ̀!"

"Gbogbo ọkọ̀ ló máa gbọ́ ọ o."

"Kí wọ́n gbọ́!" Ó gba rédíò. "Bàbá, Nagisa ni. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jọ̀ọ́! Mo fa ìlà kí n tó di bóòtù. Mi ò mọ èyí tí mo dì. Mo purọ́ fún yín, Bàbá. Ẹ dárí jì mí, ẹ pa á!"

Nagisa gbé rédíò mọ́ etí. Lẹ́yìn náà, ohùn Iwao jáde, kò ga, kò rẹlẹ̀.

"Mo ti pa á. A ò tíì dé ẹnu àpáta."

Ohùn Goichi, láti inú ọkọ̀ tirẹ̀, tẹ̀ lé e: "Sachi-maru, ẹ ju ìdákọ̀ró, mo ń bọ̀ wá fà yín."

Nagisa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ẹkún ìtura ni. Àǹtí Fusae gbé tíì gbígbóná fún un.

Goichi fa ọkọ̀ wọn dé èbúté. Iwao ṣí fèrèsé ẹ́ńjìnnì, ó na sípánà sí ọmọ rẹ̀. "Yẹ gbogbo wọn wò." Bóòtù mẹ́wàá dún lójú ẹsẹ̀. Ìkọkànlá yí kí ó tó dún. Èkejìlá, ìka lásán ni Nagisa fi yí i, ìlà funfun rẹ̀ ti pín sí méjì.

Tokuji wò ó nínú dígí, ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ó mà kù díẹ̀ o. Àwa ìbá ti máa bá ẹja sọ̀rọ̀ báyìí."

"O purọ́ fún mi, Nagisa," Iwao sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Inú ń bí mi gan-an ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n o pè. Bí o ò bá pè ńkọ́?" Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, tòun ti ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní ìpẹja lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí àwọn ẹlòmíràn ti ń kó sawara wọlé, Nagisa wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń nu ọ́ìlì. "Ọlọ́dà!" Goichi ké láti òkè. "Wá kun ẹja tèmi náà, kó lè dà bíi pé ó tóbi!" Gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín. Nagisa náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí rẹ̀ gbóná.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tú gbogbo bóòtù, ó nu ìlà wọn dànù, ó sì dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kà! Ó fa ìlà. Kà! Ó fa ìlà. Kò kánjú.

"Gbogbo wọn dún?"

"Wọ́n dún, Bàbá. Ẹ fi dígí wò ó."

Iwao yọ dígí lápò, ó wò ó, ó dá a padà sápò.

"Dígí ò létí," ló wí. "Ìwọ lo gbọ́ ọ." Ó sì ti fèrèsé náà pa.

Lọ́jọ́ kejì, Nagisa dúró sétí omi títí Sachi-maru fi la ẹnu àpáta kọjá láìséwu. Ó ti yé e pé ẹ̀rí tí kò sí iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, irọ́ ni, àti pé ìtìjú òtítọ́ kì í pẹ́ tán, ṣùgbọ́n irọ́ lè gba ẹ̀mí ẹni tó gbà wá gbọ́ jù lọ. Ní ọ́fíìsì, rédíò dún níwájú Àǹtí Fusae.

"Ẹ bá mi sọ fún Ọlọ́dà," ohùn Iwao ni, "pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣe dáadáa."