Ọ̀nà Annegret

Agboòrùn pupa ni Wàhábì kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ tó gbé e sókè, lẹ́yìn ọwọ́ ló rí ojú, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Omidan dúdú kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan nítòsí èbúté Hamburg, lọ́dún 1991, àwọn òyìnbó sì tò lẹ́yìn rẹ̀ lọ bẹẹrẹ.

Ìlà! Spandau ní Berlin ni Wàhábì ti ń ṣe búrẹ́dì. Reluwé ló wọ̀ wá, kó lè mọ ibi tí wọ́n ti ń gba fíríìjì tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó sì ti pẹ́ ní Germany débi tó fi mọ̀ pé ibi tí ìlà bá wà, òǹtẹ̀ ń bẹ níwájú. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó tò sẹ́yìn.

Ìlà gbéra, ó tẹ̀lé e. Wọ́n yà sí kọ̀rọ̀, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n dúró níwájú ilé kan. Omidan sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin mí kanlẹ̀. "Irú ọ́fíìsì wo rèé?" ni Wàhábì ń rò. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, tí gbogbo wọn ju òdòdó sómi, tí bàbá arúgbó kan ń nu ojú, ara Wàhábì kò gbà á mọ́.

"Bitte, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "fíríìjì mi ńkọ́?"

Omidan gbọ́ ohùn Ẹ̀gbá nínú Jámánì rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o! Ipasẹ̀ ìwé ìtàn àtijọ́ kan là ń tọ̀. Annegret, ọmọ oníṣòwò, àti atukọ̀ tó fẹ́ràn. Orí afárá yìí ni wọ́n ti pínyà."

"Wọn ò tún pàdé mọ́?"

"Rárá."

"Háà! Kí ló dé tẹ́ ò tètè sọ? Mi ò bá ti dá ọ̀kan dúró!"

Phoebe lorúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Sátidé kan kò kọjá kí Wàhábì má wọ reluwé, búrẹ́dì lábẹ́ abíyá, kó wá tò sẹ́yìn agboòrùn.

"O tún dé? Ṣé o ò tíì mọ bó ṣe parí ni?"

"Olólùfẹ́, mò ń retí kí ọ̀kan nínú wọn yí ọkàn padà."

Ìyá Phoebe ló kù tí yóò fọwọ́ sí i. Aládùúrà ni Màmá Roseline, ní Reinickendorf ní Berlin.

"Mùsùlùmí ni? Kò burú, bàbá tó bí mi kéwú. Ibo lẹ ti pàdé?"

Phoebe, tí kò mọ irọ́ pa, sọ ọ́. Màmá dìde fùú.

"Ojú ọ̀nà ìpínyà? Ní èbúté tí bàbá rẹ ti wọkọ̀, tó ní òun ń bọ̀, tí mi ò tíì rí i títí dòní? Mi ò gbà!"

Phoebe sunkún lórí tẹlifóònù. Wàhábì jó búrẹ́dì gbogbo Spandau. Nígbà tó yá, Màmá ránṣẹ́: "Màá wá fẹsẹ̀ ara mi rìn ín. Ibi tó bá parí sí ni màá ti fèsì."

Wàhábì bá mọ̀ pé òun gbé. Orí afárá kúkú ló ń parí sí!

Ọjọ́ náà pé. Phoebe gbé agboòrùn sókè. Wàhábì ka gbogbo àdúà tó mọ̀, ó tún yá méjì lọ́wọ́ àwọn aládùúrà. Níwájú ilé tí bàbá Annegret ti lé atukọ̀ jáde, Màmá mi orí. "Bàbá náà ṣe dáadáa." Wàhábì tún bẹ̀rẹ̀ àdúà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n dé afárá. Àwọn òyìnbó gbé òdòdó sókè.

"Ẹni tó bá ju nǹkan sómi, èmi àti ẹ̀ ni!" ni Màmá kígbe.

Wọn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ojú rẹ̀. Màmá fara ti irin, ó ń wo ọkọ̀ òkun. Ó bọ́ bàtà. Phoebe di ọwọ́ Wàhábì mú bí ẹni tó ń rì.

"Phoebe, ta ló ní ibí ló gbọ́dọ̀ parí sí?"

"Ìwé ni, Màmá."

"Ẹni tó kọ ọ́ dà?"

"Ó ti kú."

"Kí Ọlọ́run forí jì í. Ẹ yí padà!"

Ó gba agboòrùn, ó ṣíwájú láìwọ bàtà. Àwọn òyìnbó tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Láti ìpínyà dé ilé bàbá, láti ilé bàbá dé fèrèsé, títí dé ṣọ́ọ̀ṣì tí Annegret àti atukọ̀ ti kọ́kọ́ rí ara wọn.

"Ibí ló parí sí," ni Màmá wí. Ó kọjú sí Wàhábì. "Ṣé ò ń lọ síbì kan?"

"Rárá, Màmá."

"Ọkọ̀ òkun ńkọ́?"

"Èébì ló máa ń gbé mi, Màmá."

"Ọkọ̀ òfuurufú?"

"Bí èmi àti Phoebe bá jọ wọ̀ ọ́ ni."

Wàhábì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta tútù. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́, kámẹ́rà ń kọ mànà.

"Dìde. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ àna tó ń wúkọ́ o."

Phoebe kúnlẹ̀ tì í, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí o."

"Ó ṣì ń ba èmi."

"Ti kí ni mọ́?"

"Pé wàá ní rárá."

"O ò tíì bi mí, Wàhábì."

Ó bi í bóyá yóò fẹ́ òun. Phoebe kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kó tó dáhùn pé òun gbà.