Omi Tó Mọ́ Lórí Pátákó

"Mélòó?" Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló ń pariwo láti òkè bèbè odò. Kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ba bàtà òun jẹ́.

"Mẹ́rin, sà," ni ọmọbìnrin tó dúró nínú odò dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ọ̀pá ike oníhò kan tó mọ́ gaara ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmì dúdú sì wà nísàlẹ̀ ọ̀pá náà. Bí èèyàn bá rọ omi odò kún un, tó wò ó láti òkè, tó wá ń dà á dànù díẹ̀díẹ̀, ibi tí omi bá kù sí nígbà tí àmì náà bá yọ ni yóò ti ka nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá. Omi tó dára a máa dé ọgọ́ta. Lábẹ́ páìpù ilé-iṣẹ́ tó ń fọ awọ ẹran, mẹ́rin péré ni. Nígbà tó ṣí òkúta wò, kò rí ọ̀kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ nínú àwọn kòkòrò tó máa ń gbé inú omi tó mọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká ló ní kí ilé-ìwé yan ẹnì kan tí yóò máa wọn odò lóṣooṣù, tí yóò sì máa kọ èsì rẹ̀ sára pátákó níwájú gbọ̀ngàn àdúgbò. Ọmọbìnrin náà ni wọ́n yàn, torí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní Olóṣùwọ̀n.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ ń fi òróró pa ìka ọwọ́ rẹ̀ tí oògùn tí wọ́n fi ń fọ awọ ní ilé-iṣẹ́ náà ti bó.

"Mo gbọ́ pé mẹ́rin ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bó bá burú báyìí lóṣù mẹ́ta léraléra, wọn á ti ilé-iṣẹ́ pa. Ọgọ́jọ èèyàn là ń jẹun níbẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mo da omi rú, Bàbá."

"Ta ló ní ìwọ ni?" Bàbá rẹ̀ ń wo ìka rẹ̀, kò wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n odò gùn, ọmọ mi. Ṣé abẹ́ páìpù nìkan ni omi wà ni?"

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.

Lóṣù kejì, olùkọ́ ní kí ó máa dá lọ. Olóṣùwọ̀n dúró lábẹ́ páìpù pẹ́ títí, ó wá yíjú padà, ó gòkè lọ sí ibi tí ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ kò tíì kan omi. Méjìléláàádọ́ta. Kòkòrò ń sá kiri lábẹ́ òkúta. "Ṣebí odò kan náà ni," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣe lóṣù kẹta àti ìkẹrin náà nìyẹn.

Inú gbogbo àdúgbò dùn. Ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, a máa ní kí wọ́n mú òun dé ìdí pátákó, kí wọ́n ka nọ́ńbà náà sí òun létí. "Ọmọ tiwa ló wọ̀n ọ́n o! Ẹ̀yin tí ẹ ní kò lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀!"

Kò pẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbé fáìlì wá sí gbọ̀ngàn. Ó kí wọn kú oríire, ó ní omi wọn ti sàn.

"Nítorí náà, ọkọ̀ omi tó ń wá síbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yóò máa lọ síbi tí nọ́ńbà wọn kò dára."

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa dákẹ́ wẹ́lo.

"Kí la ó wá máa mu?" obìnrin aránṣọ kan béèrè.

"Odò yín ńkọ́, mà? Ẹ wo pátákó."

Olóṣùwọ̀n wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọmọ náà wo ilẹ̀ pẹ̀lú.

Nílé, Olóṣùwọ̀n di ife omi odò tí wọ́n pọn nísàlẹ̀ páìpù mú lọ́wọ́ ìyá àgbà. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún."

"Kí ló ṣe é? Ṣebí ìwọ lo wọ̀n ọ́n. Mo gbọ́ òórùn díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ imú arúgbó lè purọ́. Ìwé kì í purọ́." Ó mu ún tán.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni èébì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ìyá àgbà àti ọmọ aládùúgbò mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn kan náà. Àwọn ọmọ padà sílé. Ìyá àgbà kò padà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Olóṣùwọ̀n lọ jẹ́wọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba náà. Ọkùnrin náà pa fáìlì dé.

"Nọ́ńbà rere oṣù mẹ́ta ló gbé ọkọ̀ omi lọ. Nọ́ńbà burúkú gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́ta kó tó padà. Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, bàbá àti ọmọ kì í wojú ara wọn.

Ọjọ́ tí Olóṣùwọ̀n kọ nọ́ńbà tòótọ́ sára pátákó, obìnrin aránṣọ ń kọjá lọ pẹ̀lú korobá.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú. Kò dára."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ní ó dára?"

"Irọ́ ni mo pa nígbà yẹn, mà."

"Tó o bá purọ́ níjọ́sí, kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ pé o ò purọ́ lónìí? Òùngbẹ ń gbẹ àwọn ọmọ mi." Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò tó wà nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ mọ̀ pé òtítọ́ lè bá irọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti sìnkú tán, kó sì máa ké lójú ọ̀nà láìrí ẹni gbà á gbọ́. Ẹni tó bá yí òṣùwọ̀n padà kò yí odò padà. Àwọn tó fọkàn tán an ló ń fún ní májèlé mu.

Olóṣùwọ̀n dúró sídìí pátákó. Ó ń gbọ́ bí korobá ṣe ń kún.