Lẹ́tà Ìlú Ìtún-Ọ̀pẹ

"Ṣé ó dá ọ lójú pé o mọ̀ ọ́n ṣe?" Bàbá Akínsànyà béèrè.

"Bàbá, nǹkan kékeré ni. Kí ẹ tó mu omi inú ife yẹn tán, mo ti parí ẹ̀," Àníọlá dáhùn.

Inú yàrá ìpàdé ìlú Ìtún-Ọ̀pẹ ni wọ́n wà, abúlé àwọn apẹja kan létí ọ̀sà, tí kò jìnnà sí Ajah. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló dáwó ra kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì níwájú wọn. Bàbá Akínsànyà, tó bí ìyá Àníọlá, ni akọ̀wé ìlú. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan ti ń lépa àtigba èbúté wọn, orí fóònù ni Bàbá ti ń ka ímeèlì ìlú, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò ríran bíi ti àtijọ́ mọ́. Ó fẹ́ kí àwọn lẹ́tà náà máa wọlé sórí kọ̀ǹpútà, níbi tí òun àti àwọn ìgbìmọ̀ yóò ti máa rí wọn kà láìfún ojú pọ̀.

Ọdún tó kángun sí àṣekágbá ni Àníọlá wà ní girama. Òun ló mọ kọ̀ǹpútà jù ní kíláàsì wọn, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ishaq, ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́, fara ti ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ìwò yẹn dùn mọ́ Àníọlá nínú. Ó ṣí ètò tí wọ́n fi ń gba ímeèlì, ó tẹ àdírẹ́sì ìlú sí i. Nígbà tí Ishaq yíjú síta, Bàbá tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó rọra sọ páásíwọ̀ọ̀dù fún un.

Kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè kan. Ṣé kí àwọn lẹ́tà wà níbi tí wọ́n wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òun kàn máa fi wọ́n hàn? Àbí kí òun kó wọn wálẹ̀ sínú ara òun? Àníọlá mú èkejì, nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àdúgbò wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Nísàlẹ̀, wọ́n ti fi àmì sí ibì kan pé kí ẹ̀dà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rántí pé ímeèlì náà ti ń kìlọ̀ pé àyè òun ti fẹ́ kún. "Kí la fẹ́ fi ẹ̀dà ṣe?" ó sọ nínú ara rẹ̀. Ó yọ àmì náà kúrò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé bí ẹja tó kó sínú àwọ̀n. Ishaq pàtẹ́wọ́. Bàbá gbé ọwọ́ lé orí ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wúre fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Lọ́yà Sàdíátù, tí ìlú gbà láti bá wọn ro ẹjọ́ èbúté náà, wá láti Ikate. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà nìyẹn. Gbogbo ìgbìmọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ Akínọ̀ṣọ́.

"Mo gbọ́ pé àwọn ará iléeṣẹ́ yìí fẹ́ kó ẹ̀rọ wá," ni lọ́yà wí. "Lẹ́tà tí ọ̀gá wọn fi ṣèlérí pé àwọn ò ní fọwọ́ kan èbúté, òun ni mo fẹ́ gbé lọ sílé ẹjọ́ kí adájọ́ lè dá wọn dúró. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Bàbá ṣí ímeèlì lórí fóònù rẹ̀. Ó wò ó. Ó nu ojú fóònù mọ́ agbádá, ó tún wò ó.

"Kò... kò sí nǹkan níbí."

Ishaq gba fóònù náà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ó ṣófo! Lẹ́tà kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Bàbá, ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ páásíwọ̀ọ̀dù ìlú?"

Bàbá mọ̀ pé Àníọlá náà mọ̀ ọ́n. Ó tilẹ̀ rí i tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀. "Èmi nìkan ni," ó wí.

"Kọ̀ǹpútà ńkọ́?" Baálẹ̀ béèrè.

"Kò sí iná, Baálẹ̀, jenerétọ̀ sì ti bàjẹ́," Ishaq dáhùn. " Tí iná bá dé, a ó wò ó."

Àmì tó yọ kúrò yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí Àníọlá lọ́kàn. Ó rọra kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìpàdé níbi tí Bàbá máa ń fi í kọ́ sí, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń gbàdúrà kí iná dé, ó sì tún ń gbàdúrà kó má dé.

Iná dé. Gbogbo lẹ́tà wà níbẹ̀! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde láti sáré lọ pè wọ́n. Àmọ́ ó tún jókòó. Kí ló máa sọ? Pé òun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún lánàá ló kó lẹ́tà ìlú kúrò níbi tó wà? Ó pe Pẹ̀lúmi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Abraham Adésànyà, lórí fóònù, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìyẹn ò le," Pẹ̀lúmi wí. "Yọ ímeèlì náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Tó o bá ti yọ ọ́, àwọn lẹ́tà á padà síbi tí wọ́n ti wá. Wọ́n á rí i lórí fóònù, wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló fà á."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Àbí o fẹ́ lọ máa jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìlú? Yọ ọ́, jàre!"

Ó gbọ́ ohùn Ishaq lókèèrè, ó ń bọ̀. Àníọlá tẹ ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Gbogbo rẹ̀ pòórá. Ó fi fóònù tirẹ̀ wo ímeèlì ìlú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ṣófo. Ó tún un wò. Òfìfo ló ṣì bá níbẹ̀. Kò sí níbí, kò sí lọ́hùn-ún.

"Kí lò ń ṣe níbí?" Ishaq ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Mo... mo ní kí n wò ó bóyá lẹ́tà wà níbẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n wà?"

"Rárá."

"Báwo? Ìṣojú mi ni wọ́n wọlé lánàá!"

Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ro ọ̀rọ̀ wò kó tó sọ ọ́. "Tẹ́ni tó ni ín bá ti pa á rẹ́ lórí fóònù," Àníọlá wí, "á pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà náà ni."

Ẹyin ni ohùn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fọ́. Ishaq kò tilẹ̀ dúró gbọ́ òmíràn. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Ìtún-Ọ̀pẹ ti gbọ́ pé Bàbá Akínsànyà ti gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́, ó sì ti pa lẹ́tà ìlú rẹ́. Wọ́n gba òǹtẹ̀ ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta ayò kò yà mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ akẹ́rù iléeṣẹ́ náà wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó irin mọ́ èbúté. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo títí, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lè fi hàn ẹnikẹ́ni.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, ẹ̀kọ tí Àníọlá gbé fún un kò kúrò níbi tó gbé e sí.

"Àníọlá, jókòó," ó wí. "Mo ti ń rò ó. Ó lè jẹ́ pé èmi gan-an ni mo tẹ ohun tí kò yẹ. Ojú mi yìí kò dára mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o kò mọ páásíwọ̀ọ̀dù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ rẹ kún tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àníọlá lára ju ẹgba lọ. Ẹni tí òun purọ́ mọ́ ló tún ń wá bí òun ò ṣe ní tẹ́. Ó bẹ́ sí òde, ó sáré títí dé èbúté, níbi tí Baálẹ̀, Ishaq àti Lọ́yà Sàdíátù ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ fa ọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú wọn.

"Èmi ni!" ó kígbe. "Bàbá mi ò pa nǹkankan rẹ́. Èmi ni mo kó lẹ́tà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìmọ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà lánàá, èmi náà ni mo yọ ọ́ kúrò, tí mo sì purọ́ fún Bọ̀dá Ishaq."

Ariwo sọ. Obìnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ká ọwọ́ lérí. Ishaq yíjú sí àwọn òpó irin tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀. Lọ́yà Sàdíátù nìkan ló sún mọ́ Àníọlá.

"Látìgbà tó o ti yọ ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà?"

"Rárá, mà."

"Kẹ́nikẹ́ni má tàn án o. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ mi."

Wọ́n gbé e lọ bá Ọláyọdé, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ikate. Ó wò ó títí. Ó ní orúkọ ímeèlì nìkan ló kúrò, pé fáìlì tí àwọn lẹ́tà wà nínú rẹ̀ ṣì wà nínú ikùn ẹ̀rọ. Ó kó wọn jáde. Àwọn àwòrán ààlà ilẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ mọ́ díẹ̀ nínú wọn kò ṣí mọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀gá iléeṣẹ́ wà níbẹ̀, kò yingin. Ó ku ọ̀nà ilé ẹjọ́. Kí àṣẹ adájọ́ tó dé láti dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ti fi irin yí ìdajì èbúté ká, ẹjọ́ ìdajì yẹn ò sì tíì parí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Àwọn obìnrin tó ń gbẹ́ja láti inú ọkọ̀ ojú omi ní láti rìn yí irin ká pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Àwọn kan nínú wọn kì í dáhùn tí Àníọlá bá kí wọn.

Ishaq wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Akínsànyà níwájú gbogbo ìlú, Baálẹ̀ sì dá òǹtẹ̀ padà. Bàbá gbà á, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, Àníọlá bá Bàbá ru agbọ̀n ẹja gba ẹ̀yìn irin náà kọjá. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí."

"Mo ti forí jì ọ́ tipẹ́," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa. Àṣìṣe kò kan ọgbọ́n. Ohun tó o ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, ìṣẹ́jú díẹ̀ la ò bá fi tún un ṣe ká ní o pariwo. Bíbò tó o bò ó mọ́lẹ̀ ló fún àwọn èèyàn yìí láyè láti ri òpó. Ẹni tó mẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ mi. Èyí tó ń sá fún ìkúnlẹ̀ ni ẹlòmíràn ń bá jìyà rẹ̀."

Àníọlá nu ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé agbọ̀n kejì.