Ọkọ́ Tí Kò Tíì Fẹnu Kan Ilẹ̀

"Kálukú, ẹ mú ọkọ́ kọ̀ọ̀kan!" Bihi, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ń pín ọkọ́ tuntun lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń di tòmátì sínú páálí ní ìlú Biyugra. "Olùbẹ̀wò ìjọba ń bọ̀. Bó bá bi yín, àgbẹ̀ ni yín o!"

Màmá Rkiya gba tirẹ̀. "Ọkọ́ yìí mà dán o! Ó sàn ju ọkọ mi nílé lọ."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Tuda nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Àsìkò ìsinmi ló ń bá Ijja, ìyá rẹ̀, ṣiṣẹ́. Ó mọ ìdí ọkọ́ náà. Lábẹ́ òfin, owó àgbẹ̀ kéré sí ti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sì gùn jù ú lọ. Ọ̀gá pátápátá tó ni ilé iṣẹ́ náà ń pe gbogbo wọn ní àgbẹ̀, Ijja sì ń dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò.

Bihi sún mọ́ Tuda. "Ọmọ Ijja, ìwọ lo mọ̀wé, ìwọ ni kó o dá a lóhùn. Bó o bá ṣe é re, màá gbé ìyá rẹ sídìí iṣẹ́ tí wọ́n ń jókòó ṣe."

Tuda wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó gba ọkọ́.

Olùbẹ̀wò dé, obìnrin kan tí eruku bo bàtà rẹ̀. "Kí lẹ ń fi ọkọ́ wọ̀nyí ṣe?"

Bihi ṣẹ́jú sí Tuda. Tuda gbé ọkọ́ tirẹ̀ sókè. Ọ̀rá ilé ìtajà ṣì wà lẹ́nu ọkọ́ náà.

"A ò tíì fi ṣe nǹkan kan, mà. Àárọ̀ yìí ni wọ́n kó o fún wa."

"Ọmọ yìí ti ya wèrè!" Bihi kígbe.

"Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ wa hàn yín." Tuda mú olùbẹ̀wò lọ sídìí ẹ̀rọ. "Kíréètì pupa wá láti oko ìsàlẹ̀ odò, aláwọ̀ ewé wá láti oko òkè, ti ẹlòmíì sì ni oko méjèèjì. Tòmátì á wọ omi, bẹ́líìtì ẹ̀rọ á gbé e lọ. Èyí tó kéré á já bọ́ sínú ihò yìí, èyí tó tóbi á máa lọ. Àwa á wá tò ó sí páálí. Èwo la gbìn níbẹ̀?"

"Jáde! Ìwọ àti ìyá rẹ!" Bihi pariwo.

Ijja ju ọkọ́ sílẹ̀, gbàgà! "Ó dáa. Kí àwọn ọkọ́ máa to páálí."

Màmá Rkiya ju tirẹ̀ sílẹ̀. Gbàgà! Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ń yí, tòmátì ń dà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ṣà á.

Olùbẹ̀wò dájọ́ pé ẹni tó ń di irè oko ẹlòmíì fún títà, ilé iṣẹ́ ló dá sílẹ̀, kì í ṣe oko. Owó àwọn obìnrin náà lé sí i, wákàtí iṣẹ́ wọn sì dín kù. Wọ́n gba Ijja padà, wọn ò gba Tuda.

Lọ́jà, Bihi fi Tuda ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá rẹ kò kúkú rí àga jókòó o!"

"Ó ń dúró," Tuda fèsì, "àmọ́ kò dúró lórí irọ́ mọ́. Ẹni tó bá gbà kí wọ́n yí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ padà ti gbà kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹ kí àwọn ọkọ́ yín."