Ẹrù Kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹrù mẹ́rìnlá ni mo kọ sínú ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo bá níbẹ̀. Mo tún un kà, mo ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni.

Èyí tó lé wà nísàlẹ̀ pátápátá. Páálí kékeré ni, wọ́n fi wáyà tín-ín-rín dì í. Ó tutù, ó sì ń rùn bí epo dísẹ́ẹ̀lì àti oje igi. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i: "Sí Gavril Stroe, lọ́wọ́ sí ọwọ́." Kò sí orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n wáyà yẹn ni mo tẹjú mọ́. Wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá tẹ ṣóńṣó rẹ̀ wọlé kó má bàa gún ẹni tó máa tú u. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń di ẹrù báyẹn. Èmi ni ìyàwó rẹ̀, a sì ti sin ín láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

Pamfil lórúkọ ọkọ mi. Lọ́rì agbégẹdú ló ń wà fún Stroe, ẹni tó ni ilé ìlagi tó wà lókè odò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́rì náà já wọ ọ̀gbun níbi tá à ń pè ní Ìgun Àgbélébùú. Stroe ló kọ́kọ́ débẹ̀, òun náà ló sì sọ fún ọlọ́pàá pé ọtí ló pa á, pé òun rí ìgò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Pamfil tí kò fi ọtí kan ẹnu láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú! Ìlú gbà á gbọ́, nítorí ìdajì ìlú ló ń jẹun lọ́wọ́ Stroe. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àlùfáà dárúkọ ọkọ mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi mọ́. Kí orúkọ Pamfil mọ́, ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn. Irọ́ ni. Mo ń bẹ̀ ẹ́ fún ìkejì: kí Stroe náà jẹ nínú ohun tó sè fún wa.

Opó ò ní jókòó kó máa wo ògiri. Wọ́n ti ti pósítọ́fíìsì wa pa, àwọn akẹ́rù ńláńlá kì í sì í kọjá afárá. Ni mo bá kọ "SAVETA: ẸRÙ YÍN Á DÉLÉ" sára bọ́ọ̀sì kékeré tí Pamfil fi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn, táyà, bàtà, àti àwọn ẹrù táwọn ọmọ tó wà ní Ítálì ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn. Òfin mi kò pọ̀. Ẹrù kì í sùn nínú ọkọ̀ mi, ẹni tó ni orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló sì máa gbà á, tí á fọwọ́ síwèé. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mi nìyẹn.

Torí náà, mo gbé páálí yẹn lọ.

Stroe jókòó síwájú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń pa hóró òdòdó oòrùn jẹ bó ti máa ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́, èèpo rẹ̀ kún ilẹ̀ yí àga rẹ̀ ká.

"Ẹ wo ìyàwó Pamfil!" ló ké sáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Ó ti di dísípáàṣì! Màdáámù, ṣé ẹ ò tíì mu nǹkan kẹ́ ẹ tó gorí ọkọ̀? Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ n gbóòórùn ẹnu yín."

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ilie nìkan, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ló ń wolẹ̀.

"Ẹrù yín rèé, ọ̀gá," ni mo wí. "Ẹ fọwọ́ síbí."

"Ẹ ṣé, ẹ ṣé." Ó fọwọ́ sí i, ó tú u lójú mi. Ìbọ̀wọ́ awọ ló wà nínú rẹ̀. Àtàǹpàkò ti ọ̀tún ti ya rí, wọ́n fi òwú búlúù rán an. Òwú mi ni. Èmi fúnra mi ni mo kó ìbọ̀wọ́ yẹn sínú pósí.

"Oníbàárà kan ló fi ta mí lọ́rẹ," ni Stroe wí, ó kì wọ́n bọwọ́. "Wọ́n mà bá mi mu o!"

Mo pa ìwé mi dé. Mo padà sídìí ọkọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ẹrù kan tún lé, wáyà yẹn náà ni. Nígbà tí Stroe nawọ́ gbà á, mo rí i pé èékánná rẹ̀ dúdú fún epo, òun tí kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

"Mo fọ̀ ọ́, kò lọ," ló wí, kò sì fi mí ṣẹlẹ́yà lọ́jọ́ yẹn. Bàtà Pamfil ló wà nínú páálí, gìgísẹ̀ ti òsì ti jẹ, nítorí Pamfil máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. "Ẹ ṣé," ni Stroe wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Anghelina, ìyá Pamfil, tá a jọ ń gbé. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó dọwọ́ dúró.

"Saveta, kí ló sọ nígbà tó gbà á?"

"Ó ní ẹ ṣé. Kí lẹ fẹ́ kó sọ, Màmá?"

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni òye yé mi. Níbi tiwa, tí wọ́n bá fún ọ ní oúnjẹ tàbí aṣọ nítorí òkú, a kì í dúpẹ́. "Kí Ọlọ́run forí jì í" là ń sọ, nǹkan náà á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kú. Ọmọdé wa gbogbo ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún dísípáàṣì? Dísípáàṣì gbé ẹrù dé, o fọwọ́ síwèé, o ní ẹ ṣé.

"Ẹni tó bá dúpẹ́ ohun òkú ti gba ìpín òkú," ni Màmá wí wúyẹ́wúyẹ́. "Tí òmíràn bá wá, ẹni tó gbé e dání ló yẹ kó dárúkọ ẹni tó ni ín. Ìwọ nìyẹn, ọmọ mi. Sọ fún un."

"Ẹ̀yin ìyá rẹ̀ lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ìyá rẹ̀. Ọmọ mi kì í ṣe apànìyàn. Má sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀kẹta kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Ó ń dún gbinrin nínú ìwé. Kọ́kọ́rọ́ lọ́rì Pamfil ni, mo ti mọ̀ kí n tó gbé e. Stroe fẹsẹ̀ òsì wọ́lẹ̀ wá bá mi lẹ́nu géètì. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ìyàwó Pamfil," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Ẹ jọ̀ọ́. Ta ló ń fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ sí mi?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á là. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo rántí ìgò yẹn, mo rántí ẹ̀rín inú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Wọn ò kọ orúkọ sí i, ọ̀gá," ni mo wí. "Ẹ fọwọ́ síbí."

Ó gbà á, ó fọwọ́ sí i. "Ẹ ṣé," ló wí. Mo wo ìwé náà. Orúkọ Pamfil ló wà níbẹ̀, bí Pamfil ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé afárá.

Ilie wá sílé wa kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, fìlà lọ́wọ́. Ó ní Stroe gun lọ́rì ògbólógbòó kan tí wọ́n ti pa tì. Kó tó gùn ún, ó lọ dúró síwájú àga rẹ̀ tó ṣófo, ó fi ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ sọ pé, "Ọ̀gá, bíréèkì yìí ò mú o. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe kí n tó lọ." Ló bá fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn: "Wà á lọ jàre, àbí kí n wá ẹlòmíì?" Ó ń sunkún bó ṣe ń gòkè. Ìgun Àgbélébùú ni lọ́rì náà ti já wọ ọ̀gbun, ó sì kú síbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí Pamfil sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gẹ́lẹ́ nìyẹn," ni Ilie wí. "Ìdáhùn tí ọ̀gá fún un náà sì nìyẹn. Mo wà níbẹ̀. Stroe ló gbé ìgò yẹn síbẹ̀, mo sì panu mọ́. Ẹ forí jì mí, Saveta."

Lọ́jọ́ Àìkú, Ilie dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún un sọ lójú gbogbo ayé. Àlùfáà dárúkọ Pamfil, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, méjìlá ni mo kọ sínú ìwé. Mẹ́tàlá ló wà nínú ọkọ̀. Wọn ò fi wáyà di èyí. Okùn ni wọ́n fi wé e jákujàku, èèpo hóró òdòdó oòrùn sì há sínú rẹ̀. "Sí Saveta, lọ́wọ́ sí ọwọ́."

N ò fọwọ́ kàn án. Màmá ló gbé e sọ̀kalẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ti Gavril Stroe ni," ló wí, ó dárúkọ bó ṣe yẹ. "Gbà á, ọmọ mi, kó o sọ ọ̀rọ̀ náà látọkàn wá. Gbólóhùn kan péré ni."

Mo gbà á. Mo lanu. "Kí Ọlọ́run," ni mo wí. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Pamfil ti mọ́, kí ni mo tún ń fẹ́? Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run forí ji ẹni yẹn kẹ̀? Inú mi kọ̀ ọ́. Màmá ń wo ẹnu mi, omi lójú rẹ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ ṣé."

Màmá fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ìgò ọtí ló wà nínú páálí náà, ó kù díẹ̀ kó kún.

Láàárọ̀ òní, Màmá ń gbá inú ọkọ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló ń da èèpo hóró òdòdó oòrùn sábẹ́ ìjókòó mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé n ò mọ̀. Ẹnu mi kún fún hóró.