Ìkúnlẹ̀ Adéṣẹwà Lórí Yìnyín

Adéṣẹwà jí ní àárọ̀ Sátidé. Ó rẹ̀ ẹ́.

Daddy ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti Trafford Park. Ó rẹ Daddy náà. Ó yán, hààà, àfi bíi pé ó fẹ́ gbé ilé mì.

"Daddy, mi ò ṣe hockey orí yìnyín mọ́. Gbogbo ìgbà ni mò ń ṣubú. Gbì! Gbì! Ìdí ń dùn mí."

"Pẹ̀lẹ́, Ṣẹwà mi. Jẹ́ ká lọ lónìí. Tí o bá ṣì fẹ́ fi sílẹ̀, a máa fi sílẹ̀."

Wọ́n wọ tram. Daddy sùn lọ. Adéṣẹwà ló jí i nígbà tí wọ́n dé ibi ìṣeré orí yìnyín.

Coach Tamara ní, "Adéṣẹwà, today you're in goal!" Òun ló máa ṣọ́ àwọ̀n lónìí.

Wọ́n so tìmùtìmù ńlá mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó mà wúwo o!

Bàbá Andrew, àgbàlagbà tó máa ń wá wòran, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Irun orí rẹ̀ funfun báláú.

Nígbà tí Bàbá Andrew wà ní ọ̀dọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Canada wá sí ìlú yìí. Àwọn tí wọ́n ń sanwó fún láti gbá hockey kò tíì pọ̀. Òun wà lára wọn. Àwọ̀n ló ń ṣọ́.

Kò sí ohun tó bo ojú rẹ̀ nígbà náà. Pọ́! Rọ́bà tí wọ́n ń gbá yọ eyín kan. Pọ́! Òmíràn tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú ìjókòó, sà," ni Adéṣẹwà wí. Ó nàró gbagidi bí òpó iná.

"Ṣẹwà! Orí ìdúró lo ti ń kí àgbà?" ni Daddy wí.

"Daddy, ó rẹ̀ mí."

Bàbá Andrew rẹ́rìn-ín. "Ó máa ń rẹ èmi náà."

"Kí lẹ wá máa ń ṣe, sà?"

"Mo máa ń sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń padà sídìí àwọ̀n mi."

Eré bẹ̀rẹ̀. Jordan, ọmọ ẹgbẹ́ kejì, ń gbá rọ́bà dúdú kan bọ̀. Rọ́bà náà rí pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì.

Fììì! Ó gba àárín ẹsẹ̀ Adéṣẹwà kọjá. Ó wọlé.

Fììì! Ó tún wọlé.

Omijé lé sójú Adéṣẹwà. Ilé ló ń wù ú.

Ni Bàbá Andrew bá dìde. Ó rọra ń bọ̀, tòun tọ̀pá, kó, kó, kó, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ gíláàsì tó yí yìnyín ká.

Adéṣẹwà wò ó. Àgbà tó rẹ̀ ló dìde nítorí òun! Òun á wá tún nàró?

Ó gbàgbé eré. Ó gbàgbé Jordan. Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí yìnyín.

"Ẹ kú ìdúró, sà!"

Fììì... Pọ́!

Rọ́bà kọlu tìmùtìmù. Kò wọlé!

"Yéèèè!" ni gbogbo wọn kígbe.

Bàbá Andrew rẹ́rìn-ín títí àlàfo eyín rẹ̀ fi hàn. "Irú ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo fi jẹun, ọmọ mi. Eékún tèmi ti rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ tìẹ."

Jordan tún dé. Adéṣẹwà kúnlẹ̀. Pọ́! Kò wọlé.

Ó tún dé. Pọ́! Kò wọlé.

Ọ̀kan ṣì wọlé o. Kò burú.

Daddy pọ̀n ọ́n lọ sídìí tram. "Ṣẹwà, ṣé ká fi sílẹ̀?"

"Rárá, Daddy. Ẹ jẹ́ kí n kàn sinmi díẹ̀."

Nílé, Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ ti hospital Stockport dé. Bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Adéṣẹwà kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Mummy." Ó gbé orí lé Mummy lẹ́sẹ̀.

"O ṣé, ọmọ mi. Dìde."

Adéṣẹwà kò dìde.

"Ṣẹwà?"

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, oorun ti gbé e lọ.